Ọ̀wẹ̀ Ni Ó Ń Mú Ahéré Dúró: Àtúnṣe Ilé Oko Àwọn Baba Ní Ìdànrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ahéré ni yóò kẹ́yìn oko, ààtàn ni yóò kẹ́yìn ilé. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ohun tí ó ń wí ni pé bí a bá wa iṣu tán nínú ebè, tí a sì ya àgbàdo tán, ahéré tí àgbẹ̀ fi ṣe ibùgbé ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti gbà á sílẹ̀ nígbà tí ó bá padà. Ṣùgbọ́n ahéré kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Òjò ń lù ú, oòrùn ń pa á, ikán sì ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá pẹ́ títí, ọ̀kan nínú méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: yálà kí àwọn tí ó ni ín tún un ṣe, tàbí kí igbó gbà á padà.

Ní Ìdànrè, níbi tí ilé oko ti jẹ́ ilé kejì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí òrùlé ilé tí baba kọ́ sí abà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ìbéèrè mẹ́rin ni yóò dìde láàárín àwọn ọmọ. Ta ni yóò tún un ṣe? Owó ta ni a ó fi ṣe é? Ọwọ́ ta ni yóò bá a ṣiṣẹ́? Bí ó bá sì parí tán, ti ta ni yóò jẹ́? Àṣà àwọn Yorùbá ti dáhùn gbogbo ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ọjọ́ pípẹ́ wá, inú ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni ó sì kó ìdáhùn náà sí: ọ̀wẹ̀.

ÌLÚ TÍ Ó SỌ̀KALẸ̀ LÁTI ORÍ ÒKÈ

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn òkè àpáta ńláńlá ni ó yí i ká, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá ìlú náà sì gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ọdún 1923 ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kó wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́ náà lónìí yóò gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta kí ó tó dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2007, a fi Òkè Ìdànrè kún àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ẹ̀kọ́ kan wà lórí òkè náà fún ẹni tí ó bá ní ojú láti wò ó. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó onígi tí a gbẹ́ ère sí lára, nítorí pé àwọn ènìyàn kò fi í sílẹ̀ fún òjò àti ikán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ilé àwọn ará ìlú tí kò rí olùtọ́jú ti di àlàpà. Amọ̀ kan náà ni a fi mọ wọ́n, òjò kan náà ni ó sì ń rọ̀ sí wọn lórí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan rí ọwọ́ ènìyàn, èkejì kò rí i.

Nígbà tí ìlú sọ̀kalẹ̀ sí Odode, Alade àti Atosin, iṣẹ́ kòkó ti ń tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ará Èkó, ti dá oko kòkó sí Ìjan nítòsí Agége. Láti ibẹ̀ àti láti àwọn oko mìíràn tí ó tẹ̀lé e ni irúgbìn náà ti wọ inú igbó ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ Ìdànrè gbà á dáadáa, ìlú náà sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí kòkó ti ń wá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kòkó ni ó mú kí àwọn àgbẹ̀ wọ inú igbó lọ jìnnà, síhà Ọ̀wẹ́nà àti síhà Òfosù, tí wọ́n sì dá abà sí ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tètè rìn dé láti ilé.

Kòkó náà ni ó sọ ahéré di ilé gidi. Ẹni tí ó ń gbin iṣu lè fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé gbòdògì bo àtíbàbà, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ṣá, yóò ṣí lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n igi kòkó kì í bá ẹnikẹ́ni ṣí lọ. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò gbà á kí ó tó so, yóò sì máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí oko rẹ̀ kò ṣí kò lè máa gbé inú àtíbàbà. Nítorí náà ni àwọn baba ṣe fi amọ̀ mọ ilé sí abà, tí wọ́n kan páànù lé e lórí nígbà tí owó kòkó wọlé, tí wọ́n sì fi ọmọ àti ẹrù sínú rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó di àgbà lónìí, tí ògiri rẹ̀ ń ya, tí páànù rẹ̀ sì ti dípẹtà.

ILÉ TÍ Ó JÒ, KÒKÓ TÍ Ó HU

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfẹ́ baba tí ó ti kú nìkan ni ó ń mú kí àwọn ọmọ fẹ́ tún ilé oko ṣe. Oúnjẹ wọn wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti fọ́ kòkó, a ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ó lè gbóná, kí ó sì yí àwọ̀ padà. Lẹ́yìn èyí ni a ó sá a sí oòrùn títí tí omi inú rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú ilé oko ni a ó kó àpò rẹ̀ sí títí ọkọ̀ yóò fi wá gbé e. Bí òrùlé bá jò sí i ní òru kan péré, omi tí oòrùn ti fà jáde fún ọ̀sẹ̀ kan yóò padà wọlé. Kòkó yóò hu, òórùn rẹ̀ yóò yí padà, ẹni tí ń rà á yóò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ihò kékeré kan lára páànù lè jẹ ìdajì iṣẹ́ ọdún kan.

Ní ọdún 2024, owó kòkó lọ sókè ní ọjà àgbáyé títí ó fi kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọmọ tí kò ti dé oko láti ìgbà pípẹ́ a tún rántí ọ̀nà abà. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé baba máa ń le jù.

Ọ̀WẸ̀ YÀTỌ̀ SÍ ÀÁRÓ

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó máa ń pa ọ̀wẹ̀ àti àáró pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àáró ni ti àwọn ẹgbẹ́ tí agbára wọn dọ́gba. Bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún bá da àáró pọ̀, oko ẹni kìíní ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà oko ẹni kejì, títí yóò fi kan ẹni karùn-ún. Ọjọ́ kan ni a fi ń san ọjọ́ kan, ọkọ́ kan ni a sì fi ń san ọkọ́ kan. Ẹni tí kò bá lè wá gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò dúró fún un. Ìṣirò wà nínú àáró, kò sì sí ẹni tí ó ń tijú láti ṣe é.

Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣírò. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá já lé lórí, bí ilé kíkọ́ tàbí ilé títúnṣe, ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò pe ẹbí, yóò pe ọ̀rẹ́, yóò pe àna àti ará àdúgbò. Ọmọdé lè wá, àgbà lè wá. Alágbára yóò ru igi, aláìlágbára yóò jókòó máa ka ìṣó. Kò sí ẹni tí yóò béèrè owó iṣẹ́. Ohun tí olówẹ̀ jẹ wọ́n ni oúnjẹ àti ohun mímu ọjọ́ náà, àti gbèsè kan tí a kì í kọ sínú ìwé: pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá pe òun náà, òun kò ní wí pé inú ń run òun.

N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá tí ó ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì parí iṣẹ́ náà ní 1939, kò fi irú àwọn àṣà ìrànlọ́wọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970. Òun kọ́ ni ó dá wọn sílẹ̀. Ó bá wọn níbẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, ọkọ ọmọ kò lè wí pé òun fẹ́ràn ìyàwó òun bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá tí ì lọ ṣiṣẹ́ ní oko àna. Bí òrùlé bàbá ìyàwó bá ń jò, a kì í ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì.

BÍ IṢẸ́ ṢE Ń LỌ

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò àtúnṣe ilé, lẹ́yìn tí a bá ti ká kòkó ńlá tán, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Kí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ tó kò, baálé àti ẹni kan tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀ yóò lọ yẹ ilé wò. Wọn yóò fi ìka kan ògiri gbọ́, wọn yóò fi àdá gún ìdí rẹ̀ wò. Ibi tí ilé alámọ̀ ti ń kú méjì péré ni: orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òrùlé bá gùn tó láti ju ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ òjò jìnnà sí ògiri, tí omi kò sì dúró sí ìdí ilé, ògiri amọ̀ lè rí ọmọ, kí ó rí ọmọ-ọmọ. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ògiri rárá. Gọ́tà ni a ó kọ́kọ́ gbẹ́ yí ilé ká kí omi lè máa ṣàn lọ, a ó sì lé ikán kúrò lára igi.

Ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ènìyàn yóò ti máa dé. Ibi tí ọkọ̀ kò dé pọ̀ lọ́nà abà, nítorí náà orí ni wọ́n fi ń ru páànù, ẹni méjì-méjì sí ìdì kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọn a sì máa kígbe sí ara wọn níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yóò wa ilẹ̀ pupa, wọn yóò da omi sí i, wọn yóò sì wọ inú rẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà bí iyán. Orin ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ wọn bá ara wọn mu. Bí orin bá dákẹ́, amọ̀ kì í kúnná.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Apá ògiri tí ó ti wó kì í ṣe ìdọ̀tí tí a ń kó dànù. A ó fọ́ ọ, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó sì pò ó pọ̀ mọ́ amọ̀ tuntun. Amọ̀ tí bàbá àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ tún ń tẹ̀ yìí. Sìmẹ́ńtì tí ó bá ti gan tán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí amọ̀ bá jinná, wọn yóò mọ ọ́n ní ìṣù-ìṣù, wọn yóò máa jù ú sókè sí ẹni tí ń mọ ògiri. Ipele kan kì í ga ju orúnkún lọ. Bí a bá mọ ipele kan tán, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, nítorí pé ìkánjú ń ba ògiri jẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀wẹ̀ ilé kì í fi í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èrò máa ń pọ̀ jù. Láàárín rẹ̀ àti ọjọ́ òrùlé, ẹbí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn obìnrin ni wọ́n ń pọn omi tí amọ̀ ń mu, omi yìí kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn náà ni wọ́n ń rẹ́ ògiri kí ara rẹ̀ lè dán, tí wọ́n sì ń pa ilẹ̀ ilé. Lábẹ́ igi, odó iyán kò sinmi. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé bí àwọn obìnrin bá kọ ọ̀wẹ̀ sílẹ̀, kò sí ọ̀wẹ̀ mọ́: amọ̀ kò ní rí omi, òṣìṣẹ́ kò sì ní rí oúnjẹ. Nítorí náà, olówẹ̀ tí ó bá gbọ́n, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bẹ̀, kí ó tó bẹ ọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ mọ ààlà rẹ̀. Kíkan òrùlé kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ènìyàn. Káfíńtà ni yóò gun òkè, yóò yọ igi tí ikán ti jẹ, yóò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Owó ni a ń san fún un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ. Àwọn ọlọ́wẹ̀ yóò máa gbé páànù fún un láti ìsàlẹ̀.

SÌMẸ́ŃTÌ LÓRÍ AMỌ̀

Àwọn ọmọ tí ó ti ìlú ńlá dé sábà máa ń fẹ́ kí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kí ó lè dà bí ilé ìgbàlódé. Ó máa ń dára lójú fún ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ ara wọn. Amọ̀ a máa mu omi, a sì máa tu ú jáde. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀ ó ń wú, bí ó bá gbẹ ó ń sún kì. Sìmẹ́ńtì kò lè bá a wú, kò sì lè bá a sún kì. Nítorí náà yóò ya. Òjò yóò gba ojú ibi tí ó ya wọlé, sìmẹ́ńtì kò sì ní jẹ́ kí ó tètè jáde mọ́. Ògiri yóò máa rà lábẹ́ aṣọ funfun títí ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò ṣí lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo sìmẹ́ńtì, kí ó lò ó sí orí pèpéle tí a ń sá kòkó sí àti sí ojú gọ́tà. Ògiri amọ̀, amọ̀ ni kí a fi rẹ́ ẹ.

OWÓ TÍ Ó TI ÈKÓ WÁ

Irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà ń wáyé nínú ìpàdé ẹbí nìyí. Ọmọ tí Ọlọ́run ti bù kún ní Èkó tàbí ní òkè òkun yóò wí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe wahálà. Ẹ jẹ́ kí n fi owó ránṣẹ́, kí agbaṣẹ́ṣe kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, kí wọ́n parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni a fẹ́ máa gún iyán fún odidi abà sí?”

Ẹ̀gbọ́n tí ó jókòó ti oko yóò dáhùn pé: “Àbúrò mi, o ṣeun, wàá ṣe é dalẹ́. Owó rẹ dára. Òun ni a ó fi ra páànù àti ìṣó, òun náà ni a ó fi san ti káfíńtà. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá tún ilé Bàbá ṣe tán, tí ó gba owó rẹ̀, tí ó sì lọ, ta ni yóò ràn wá rántí pé ilé wa ni?”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ní òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, bí àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ṣe gbà á, ilé tí baba fi sílẹ̀ láìpín jẹ́ ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe, owó náà kò sọ ilé di tirẹ̀ nìkan. Olórí ẹbí kò gbọdọ̀ dá tà á lẹ́yìn àwọn àgbààgbà ẹbí. Àwọn àgbààgbà náà kò sì lè tà á lẹ́yìn olórí ẹbí. Síbẹ̀, ìjà lórí ilé tí ẹnì kan tún ṣe wọ́pọ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, nígbà tí àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà bá ti lọ, ọmọ ẹni tí ó san owó agbaṣẹ́ṣe yóò mú ìwé owó jáde, yóò wí pé bàbá òun ni ó kọ́ ilé náà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń parọ́. Ohun tí ó rí nínú ìwé ni ó ń sọ.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ti hàn kedere. Ogójì ènìyàn tí ó tẹ amọ̀ ilé kan jẹ́ ẹlẹ́rìí ogójì. Wọ́n mọ ẹni tí ó pè wọ́n, orúkọ baba tí a fi pè wọ́n, àti oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Kò sí ọmọ ẹbí tí ó wà lọ́jọ́ náà tí kò fi nǹkan kan sí i: ẹni tí kò ní owó gbé omi, ẹni tí kò ní agbára gún iyán. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìwé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìtàn láti ẹnu àwọn àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni lílo ilẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ ní gbangba gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Àwọn baba tí kò mọ ìwé ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a ṣe ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè sọnù.

KÌ Í ṢE YORÙBÁ NÌKAN

Àṣà yìí kò mọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Fọn ní Dahomey àtijọ́, tí ó di Benin lónìí, ní ẹgbẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní dókpwè. Melville Herskovits, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1938. Ẹgbẹ́ yìí ń ro oko, ń mọ ògiri, ń bo òrùlé, ó sì ń ran ẹni tí iṣẹ́ oko àna wọ̀ lọ́rùn lọ́wọ́. Àwọn Akan ní Ghana ní nnoboa. Àwọn ará Haiti, tí a kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú láti etí òkun wa yìí, sì ń pe tiwọn ní konbit.

Èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí amọ̀ ni gbogbo ara rẹ̀; ní 1907 ni a parí èyí tí ó wà lónìí. Lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde láti rẹ́ ẹ ní amọ̀ tuntun. Àwọn mọlémọlé ń gun òkè, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré gbé amọ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi. Ní 1988, UNESCO ka ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilé amọ̀ náà ti dúró, ohun tí ó sì mú un dúró ni pé kò sí ìran kan tí ó wí pé ti baba òun ti tó.

OHUN TÍ Ó Ń PA Ọ̀WẸ̀, ÀTI OHUN TÍ Ó LÈ GBÀ Á LÀ

A kò ní purọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀wẹ̀ ti ń dínkù. Ilé-ìwé àti iṣẹ́ ìlú ti kó ọmọ lọ kúrò ní abà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó lónìí jẹ́ àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣe alágbàṣe, owó ni wọ́n sì wá wá. Bí oúnjẹ bá wọ́n, bíbọ́ ogójì ènìyàn lè ju owó agbaṣẹ́ṣe lọ. Àwọn kan tún wà tí ó sọ ọ̀wẹ̀ di ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: wọ́n a pe ènìyàn wá sí tiwọn, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ti ẹlòmíràn, ara wọn kì í yá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń ba ọ̀wẹ̀ jẹ́ ju owó lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀mí ọ̀wẹ̀ kò tí ì kú. Èésú tí àwọn obìnrin ọjà ń dá, kí ni bí kì í bá ṣe àáró tí a fi owó rọ́pò ọkọ́? Ẹbí tí ó bá fẹ́ tún ilé oko ṣe lónìí lè dín ọ̀wẹ̀ kù láìpa á. Kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún lábà kan náà da àáró àtúnṣe pọ̀, kí wọ́n máa tún ilé kan ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tí ó wà ní Èkó fi owó ránṣẹ́ fún páànù, ṣùgbọ́n kí ó wá fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ ṣíṣan omi sí amọ̀ nìkan ni wọ́n lè ṣe, ó tó. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wá sínú ìwé ẹbí, àti ohun tí oníkálukú ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé yóò ti ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀wẹ̀, kò ní dìde láti ta kò ó.

Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Bí ọmọ ilé-ìwé bá lè ka ìyàtọ̀ ọ̀wẹ̀ àti àáró sórí fún ìdánwò, tí kò sì tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ rí, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó gbà. Kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà, ta ni ó bá a mọ ilé tí ó wà ní abà. Orúkọ tí yóò gbọ́ yóò yà á lẹ́nu, nítorí yóò rí i pé ọmọ-ọmọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni òun ń bá jókòó nínú kíláàsì.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí a fi owó nìkan tún ṣe, àríyànjiyàn lè wó o. Ṣùgbọ́n ilé tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá gbé ró, tí olówó mú owó wá, tí alágbára mú agbára wá, tí arúgbó sì mú ìtàn wá, irú rẹ̀ ni ahéré tí yóò kẹ́yìn oko. Ẹni tí ó bá ń retí ọwọ́ àwọn ènìyàn lọ́jọ́ tí òrùlé rẹ̀ bá jò, kí ó má ṣe fi tirẹ̀ pamọ́ lónìí.